Àtìmọ́lé kí Iṣẹ́ tó Dúró: Ẹ̀kọ́ Ọdún 1945

Ọ̀tọ̀ ni àtìmọ́lé, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí a sọ sí ẹ̀wọ̀n ti rojọ́, adájọ́ sì ti dá a lẹ́bi. Ẹni tí a tì mọ́lé lè pẹ́ níbẹ̀ láìmọ ẹjọ́ tí òun yóò rò. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fi ń ṣe ìpìlẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Kúta bí a bá dé orí ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, nítorí ojú irin tí ó gba ilẹ̀ Ìwó kọjá lọ sí Òṣogbo kò ṣàjèjì sí wọn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọjà wọ́n, owó ọ̀yà kò sì tó í ná. Ní ọdún 1941, Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ṣíwájú àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ilé Gómìnà ní Èkó. Ní 1943, ìjọba yọ ọ́ níṣẹ́, ó fi òfin ìgbà ogun tì í mọ́lé, lẹ́yìn náà ó ní kí ó máa gbé Auchi. Kò gbé e dé iwájú adájọ́ kankan. Ìrètí ìjọba ni pé bí olórí kò bá sí nílé, ẹgbẹ́ yóò tú ká.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó padà dé Èkó ní 1945, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó jáde pàdé rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 17 daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí a fi ìdá 50 nínú 100 kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà, kí owó òòjọ́ má sì dín sí ṣílè méjì àbọ̀. Ìjọba fòfin de ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet ní oṣù Keje. Síbẹ̀, ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà ju oṣù kan lọ. Nígbẹ̀yìn, ìgbìmọ̀ Tudor Davies dámọ̀ràn ìdá 50 náà.

Àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé Hubert Ogunde, ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré Strike and Hunger. Ní Jos, ní 1946, ìjọba fòfin de eré náà, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e.

Òmìnira kò fi òpin sí àṣà yìí. Ní 1994, ìjọba ológun mú Frank Kokori, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, NUPENG. 1998 ni ó tó jáde, láìrojọ́.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọ àròkọ lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ 1945 bẹ̀rẹ̀ láti 1943. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí kò gbọ́ ẹjọ́ rárá tí ó sì dá a ńkọ́?