Kọ́bọ̀ Oníhò Ọdún 1956: Ẹ̀rí Irin Òǹtẹ̀ Nínú Ìtàn

Owó kì í ṣe ohun ìnáwó lásán. Ìwé ìtàn kékeré ni lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà. Orúkọ ọba wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún àti orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ná an. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́rìí ṣe lè ṣì sọ nílé ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ ni owó náà lè ṣi òpìtàn lọ́nà. Nígbà náà ni ó yẹ kí ó bi irin òǹtẹ̀ léèrè.

Irin líle ni irin òǹtẹ̀. Ní òdì ni àwòrán àti ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀, kí wọ́n lè jáde ní títọ́ lára owó. Méjì ni ẹyọ owó kan nílò: ọ̀kan fún ojú kìíní, èkejì fún ojú kejì. Ẹ̀rọ a fi agbára tẹ pẹlẹbẹ irin tí kò tíì ní àmì sáàárín méjèèjì. Bí iṣẹ́ ti ń pọ̀ ni irin òǹtẹ̀ ń gbó, tí ó sì ń sán. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà pípààrọ̀ yìí ni àṣìṣe máa ń rí àyè wọlé.

Àpẹẹrẹ kan wà lára kọ́bọ̀ oníhò tí àwọn àgbà ná ní Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gambia, nígbà tí Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912, ń ṣàkóso owó. Nítorí ihò àárín rẹ̀, kò sí àwòrán orí ọba níbẹ̀. Adé, orúkọ ọba àti iye owó ni ó wà ní ojú kan. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà, orúkọ ilẹ̀ àti ọdún ni ó wà ní ojú kejì.

Ọba George Kẹfà wàjà ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì, 1952, ọmọ rẹ̀ Elizabeth sì gorí oyè. Síbẹ̀, lára àwọn kọ́bọ̀ ọdún 1956 tí wọ́n ní lẹ́tà H, àmì ilé ìrọwó Heaton ní Birmingham, a rí àwọn kan tí orúkọ George ṣì wà lára wọn. Irin òǹtẹ̀ ọba tí ó ti wàjà ni wọ́n fi ṣe ẹnìkejì irin òǹtẹ̀ ọdún tuntun. Ìbaaka ni àwọn tí ń ṣa owó jọ ń pe irú owó bẹ́ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ìbaaka kì í ṣe ẹṣin, kì í sì í ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo owó tí ó ṣàjèjì ni ó jẹ́ àṣìṣe. Orúkọ Edward Kẹjọ wà lára kọ́bọ̀, ààbọ̀ kọ́bọ̀ àti àníní, tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan, ti ọdún 1936. Ọba yìí fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà láìdé adé, wọn kò sì gbé owó rẹ̀ jáde fún ìnáwó ní Bìrìtéènì. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn lè pe èyí ní àṣìṣe, ṣùgbọ́n ojúlówó owó ìgbà rẹ̀ ni. Bákan náà, owó tí ẹnìkan gbẹ́ tàbí tí ó fi òòlù lù lẹ́yìn tí ó ti kúrò nílé ìrọwó kì í ṣe àṣìṣe irin òǹtẹ̀. Owó tí a bà jẹ́ ni.

Nàìjíríà ti pa pọ́n-ùn àti ṣílè tì fún náírà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, 1973, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ oníhò ṣì lè wà nísàlẹ̀ àpótí ìyá àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ojú kan ṣoṣo lára ti 1956 yìí lè kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé George ṣì jọba ní ọdún náà. Yóò gba òdo. Nítorí náà, kí a yí owó padà, kí a ka ojú méjèèjì, kí a sì fi ohun tí a mọ̀ láti ibòmíràn wọ̀n ọ́n. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.