Iamblichus àti Ọkàn Tó Sọ̀ Kalẹ̀ Pátápátá

Ẹjọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gíríìkì ti dá tipẹ́: Plato fi àlàyé tó yanjú pilẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀, Plotinus gbé e dé góńgó, Iamblichus ará Síríà ló wá fi ètùtù bà á jẹ́. E. R. Dodds, tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí Proclus, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ Áténì, ṣì jẹ́ òpómúléró títí dòní, kọ ọ́ lọ́dún 1947 pé ńṣe ni ìwé Iamblichus lórí awo àwọn ará Íjíbítì kẹ̀yìn sí làákàyè. N kò fara mọ́ ọn. Àríyànjiyàn lórí ọkàn èèyàn ló gbé Iamblichus dé ìdí ètùtù, inú ìwé Plato gan-an ló sì ti fa àríyànjiyàn náà yọ.

Nínú ìwé kẹfà Republic, Plato sọ pé Rere, tí gbogbo ohun tó wà ti jáde, ga ju wíwà lọ. Ohun tó bá ga ju wíwà lọ, báwo ni òye èèyàn ṣe máa dé ibẹ̀? Plato kò dáhùn tán.

Ó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún kí Plotinus tó dáhùn ìbéèrè náà. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Ammonius ní Alexandria fún ọdún mọ́kànlá kó tó dé Róòmù ní nǹkan bí ọdún 244. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọkàn wa kò sọ̀ kalẹ̀ tán: apá kan rẹ̀ ṣì wà lókè títí láé, tó ń wo òtítọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Ọ̀kan, ìyẹn Rere tí Plato sọ, kó bọ́ gbogbo ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn sílẹ̀, kó sì yíjú sínú ara rẹ̀. Porphyry, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, jẹ́rìí pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Plotinus dé ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí àwọn méjèèjì jọ wà. (Bí mo bá ń ka ibi tí Plotinus ti ṣàpèjúwe ìrìn náà, orí mi a máa wú.) Síbẹ̀, Plotinus fúnra rẹ̀ gbà pé èrò òun nípa apá ọkàn tí kò sọ̀ kalẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù.

Ibẹ̀ ni Iamblichus ti dì í mú. Bí apá tó dára jù nínú wa bá wà lókè nínú ayọ̀ tí kì í yẹ̀, ta ló ń ṣẹ̀ nígbà náà? Kí ló dé tí gbogbo èèyàn kò fi láyọ̀ lónìí olónìí? Ó tọ́ka sí Phaedrus, níbi tí Plato ti fi ọkàn wé kẹ̀kẹ́ ẹṣin: awakọ̀ fúnra rẹ̀ a máa gòkè, a sì máa rì. Awakọ̀ yìí ni apá tó ga jù nínú ọkàn. Bí òun bá lè rì, kò sí ohun tó kù lókè. Mo gbà pé lórí kókó yìí, Iamblichus ka Plato lọ́nà tó tọ́ ju ti Plotinus lọ.

Bí ọkàn bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ pátápátá, èrò rẹ̀ náà ti bá a sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó jìn sí kànga kì í fa ara rẹ̀ jáde. Ẹni tó wà lókè ló ń ju okùn sí i. Okùn yẹn ni theurgia, iṣẹ́ tí àwọn òrìṣà fúnra wọn ń ṣe nínú èèyàn. Porphyry ti kọ lẹ́tà láti béèrè bí èèyàn ṣe lè máa pàṣẹ fún òrìṣà. Iamblichus fi orúkọ Abamon, àlùfáà Íjíbítì kan, dá a lóhùn: kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ fún wọn. Àwọn ni wọ́n fi àmì ara wọn sínú òkúta, ewé, ẹranko àti orúkọ mímọ́. Nígbà tí a bá lo àwọn àmì náà bó ti yẹ, ohun tiwọn ni àwọn òrìṣà ń dáhùn. Bó bá jẹ́ pé èrò nìkan tó, ó ní, àwọn tó ń fi ojoojúmọ́ ronú ì bá ti wà ní ìṣọ̀kan pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ibi kan náà ló ti sọ pé ètùtù kì í ṣẹlẹ̀ láìsí ìmọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó kẹ̀yìn sí làákàyè kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Èrò yìí tún bá Timaeus mu, ìwé tí Plato ti pe ayé tí a ń fojú rí yìí ní òrìṣà. Plotinus rí èròjà tí a fi ṣe ohun àfojúrí bí orísun ibi. Lójú Iamblichus, ọwọ́ àwọn òrìṣà wà nínú òkúta pàápàá.

Ibi tí àlàyé rẹ̀ ti mẹ́hẹ ni bí a ṣe lè mọ òrìṣà tòótọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀mí tó ń tanni jẹ. Ó ka oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ àti ìrísí sílẹ̀, àmọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì mọ́ ni yóò tún fi ojú yẹn kan náà ṣe ìdájọ́.

Síbẹ̀, èrò rẹ̀ ló borí nílé ẹ̀kọ́ Áténì. Gbólóhùn kọkànlá lé nígba (211), tí Proclus fi parí Elements of Theology, ni pé gbogbo ọkàn tó bá wọ ayé ló ń wọ̀ ọ́ lódindi. Lọ́dún 529, Ọba Justinian fòpin sí ẹ̀kọ́ wọn níbẹ̀. Ní nǹkan bí àkókò yẹn ni Kristẹni kan tó fi orúkọ Dionysius bo ara rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ wọn wọ ilé ìjọsìn. Ó pe iṣẹ́ Jésù ní theurgia, ó ṣàlàyé ìrìbọmi, búrẹ́dì àti wáìnì gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń gbé ọkàn gòkè, ó sì ya orí kan lódindi sọ́tọ̀ fún òróró olóòórùn dídùn.