Iṣẹ́ Sọ́fítíwíà: Bí Ìlànà Iṣẹ́ Ṣe Ń Gbé Ikọ̀ Ró, Tó sì Ń Jẹ́ Kí Ìmọ̀ Kárí

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó bá ṣáà ti mọ kọ̀ǹpútà dáadáa lè ṣe sọ́fítíwíà tó dára. Àmọ́ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni. Bí ikọ̀ bá ṣe ń ṣètò iṣẹ́, tí wọ́n sì ń pín ìmọ̀ láàárín ara wọn, ló sábà máa ń sọ bóyá wọ́n á rọ́wọ́ mú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ GitLab lọ́dún 2017 fi èyí hàn kedere.

Kí ló ṣẹlẹ̀?

Orí GitLab ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ń tọ́jú kóòdù wọn sí. Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kínní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan tó ń tún dátábéèsì wọn ṣe fẹ́ pa fódà kan rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kejì. Orí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, èyí tí àwọn oníbàárà ń lò lọ́wọ́, ló ti pa á rẹ́. Kó tó dá a dúró, nǹkan bíi 4.5 GB péré ló ṣẹ́ kù nínú 300 GB.

Ẹ̀dà ìpamọ́ ńkọ́?

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, àmọ́ ìgbà tí wọ́n nílò rẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé èyí tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ti ń kùnà. Ímeèlì tó yẹ kó ta wọ́n lólobó kò wọlé. Èyí tó burú jù ni pé kò sí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ yíyẹ̀ ẹ́ wò lé lọ́wọ́. Ẹ̀dà kan tí wọ́n ṣàdédé ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló kó wọn yọ. Kóòdù àwọn èèyàn kò sọnù, ṣùgbọ́n àkáǹtì tuntun bíi 700 lọ sí i.

Wọn ò fi ọ̀rọ̀ náà bò. Wọ́n ṣe àtúnṣe náà lójú gbogbo ayé lórí YouTube, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tó fà á síta kí àwọn ikọ̀ mìíràn lè fi kọ́gbọ́n.

Àwọn ìlànà tó ń ran ikọ̀ lọ́wọ́

• Àyẹ̀wò kóòdù: kí ẹlòmíràn ka kóòdù kó tó di lílò. Àṣìṣe á dín kù, ó kéré tán èèyàn méjì á sì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

• Àkọsílẹ̀: bó bá jẹ́ pé orí ẹnì kan ṣoṣo ni ìmọ̀ wà, ọjọ́ tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni wàhálà dé.

• Ìdánwò: kí ẹnì kan pàtó máa gbìyànjú láti fi ẹ̀dà ìpamọ́ dá dátà padà látìgbàdégbà.

• Ìpàdé lẹ́yìn ìṣòro: kí wọ́n wá ohun tó fà á, láì fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà á pa àṣìṣe mọ́.

Síbẹ̀, ìlànà kò gbọ́dọ̀ di ẹrù. Lọ́dún 2001, àwọn onímọ̀ 17 tó pàdé ní ìpínlẹ̀ Utah, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fẹnu kò pé àwọn èèyàn àti àjọṣe wọn ṣe pàtàkì ju ìlànà àti irinṣẹ́ lọ. Àwọn àgbà ti wí i tẹ́lẹ̀: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìlànà tó dára ni èyí tó ń mú kí ọgbọ́n ẹnì kan di ti gbogbo ikọ̀.