Sábó Tiwa, Sábó Tiwọn

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé Òkè Ọya, bí ẹ bá ń wá yàrá, kì í ṣe owó ni onílé kọ́kọ́ ń béèrè. "Ọmọ ibo ni yín?" ni. Ìbéèrè náà ti pẹ́, òfin ìjọba ló sì fún un ní ẹsẹ̀.

Kí reluwé tó dé Kánò, inú odi ìlú ni àwọn Yorùbá oníṣòwò ń gbé. Àdúgbò Ayagi jẹ́rìí sí i. Lọ́dún 1911, reluwé dé, ó kó akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ wá láti Gúúsù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ará ìlú. Wọ́n gé ilẹ̀ fún wọn lẹ́yìn odi, wọ́n pè é ní Sabon Gari, èyí tó túmọ̀ sí ìlú titun. Òfin Ètò Ìlú ti ọdún 1917 wá fi ìyàsọ́tọ̀ náà múlẹ̀. Ará Gúúsù, Sabon Gari; ará Àríwá tí kì í ṣe ọmọ Kánò, Tudun Wada; òyìnbó, Nassarawa. Ìlànà ni pé kí ilẹ̀ 440 yáàdì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí wà láàrin òyìnbó àti ọmọ dúdú, nítorí ibà, wọ́n ní. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń sùn nínú ọgbà wọn ńkọ́? Bóyá ẹ̀fọn kì í jẹ àwọn yẹn!

Nígbà tí ìjà bẹ́ ní Kánò ní oṣù karùn-ún ọdún 1953, Sabon Gari wà lára ibi tó ti le jù. Ẹni tó ń wá àlejò lù kò ní láti béèrè ọ̀nà.

Ọwọ́ tiwa náà kò mọ́. Ní Ìbàdàn, ọdún 1916 ni wọ́n ya Sábó sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa. Títí di òní, àwọn onílé kan wà nílẹ̀ wa tí kì í gba ẹ̀yà kan, tàbí obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, sílé.

Abala 43 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láṣẹ láti ní ilẹ̀ àti ilé níbikíbi ní Nàìjíríà. Abala 42 náà ka ẹlẹ́yàmẹ̀yà léèwọ̀, ṣùgbọ́n òfin àti ìṣe ìjọba ló dárúkọ. Kò dárúkọ onílé tó lé ayálégbé padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa gbé ìyẹn lọ bá àwọn aṣòfin. Kí a tó lọ, ẹ jẹ́ ká bi àwọn onílé tó wà láàrin wa pé ta ni wọ́n ń gbà sílé.