Bí PostgreSQL Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Í Bi Àlejò Léèrè Ilé Rẹ̀

Nígbà tí Michael Stonebraker, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ dátábéèsì, ẹni tí òun àti Eugene Wong ti kọ́kọ́ gbé Ingres kalẹ̀ ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, tún dáwọ́ lé POSTGRES, èyí tí ó wá di PostgreSQL, ní ọdún 1986, ọ̀kan lára ohun tí ó ń lé ni pé kí ẹni tí ń lò ó lè fi èdè C kọ ètò tirẹ̀, kí ó fi kọ̀ǹpáílà sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ, kí sáfà sì gbé e sínú ara rẹ̀ láìdá iṣẹ́ dúró.

Àmọ́ bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráàyè wọ ibẹ̀. Láyé ìgbà náà, bí sáfà bá ti rí orúkọ tí ó ń wá nínú fáìlì .so tí kọ̀ǹpáílà ṣe, ó ti gbà á wọlé nìyẹn, ìbáà jẹ́ ẹ̀yà àtijọ́ ni a kọ ọ́ fún. Bí àlejò náà bá sì wá ṣubú lulẹ̀, gbogbo àwọn tí ń bá sáfà ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni yóò já dànù.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ọdún 2006, ẹ̀yà 8.2 sọ ọ́ di dandan kí fáìlì bẹ́ẹ̀ ru àmì PG_MODULE_MAGIC, tí ń sọ ẹ̀yà tí a ṣe é fún. Èyí tí àmì rẹ̀ kò bá bá ti sáfà mu, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà. Ní ọdún 2017, ẹ̀yà 10 pa ọ̀nà ìpè àtijọ́ tì, ètò tí kò bá sì ní ìlà PG_FUNCTION_INFO_V1 kò rí ẹni dá a lóhùn mọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí kì í fi kọ́kọ́ fọwọ́ kan kóòdù. Ọ̀rọ̀ tí sáfà sọ nígbà tí ó kọ ètò náà ni wọ́n ń kà ná. Bí ó bá ní òun kò rí àyè ṣí fáìlì, wọ́n a rántí pé postgres, orúkọ tí sáfà sábà ń jẹ́ lórí Linux, ni ó ń wá a, kì í ṣe ẹni tí ó kọ ọ́. Bí fáìlì náà tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí a bá ti fódà tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́ àwọn ẹlòmíràn, sáfà kò ní débẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé fáìlì mìíràn tí èyí gbára lé ni kò sí, àṣẹ ldd yóò kọ “not found” sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá sì gbé sáfà rẹ̀ láti ẹ̀yà ńlá kan bọ́ sí òmíràn, kí ó tún ètò rẹ̀ gba inú kọ̀ǹpáílà kọjá kí ó tó pè é: kíkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà sàn ju kí ilé wó lé onílé àti àlejò lórí.