Kí ni àgbà tó ń ṣarán yóò máa fọwọ́ ṣe nílé ìtọ́jú?

Ọmọ Imeri kan tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló bi mí. Màmá rẹ̀ gbé ìkòkò kaná, wọ́n sì bá ọ̀nà oko lọ. Ẹbí ti fẹ́ gbé wọn lọ sílé ìtọ́jú àgbàlagbà. Ó ní: kí ni wọn óò máa ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́? Inú mi dùn síbèèrè yẹn, torí owó àti bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pọ̀ wa máa ń béèrè.

Arán ṣíṣe, tí dókítà ń pè ní dementia, àìsàn ọpọlọ ni. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe èpè. Ṣùgbọ́n tí iyè wọn bá dàrú lójijì, láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ sáré gbé wọn lọ sọ́sibítù. Ó lè jẹ́ kòkòrò inú ìtọ̀ tàbí oògùn tí wọ́n ń lò. Federal Medical Centre wà l'Ọ̀wọ̀ fún ará Imeri. UCH n'Íbàdàn náà ní ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà láti 2012.

Kí ẹ tó kó ẹrù, ẹ kọ ìgbésí ayé Màmá sínú ìwé kan: aago tí wọ́n ń jí, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́, oríkì wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, orin tí wọ́n fẹ́ràn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni èdè. Ẹni tó ń ṣarán sábà máa ń padà sí èdè tó gbọ́ lọ́mọdé, nọ́ọ̀sì Ìkẹjà ò sì gbọ́ ti Imeri. Ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń pe omi, ebi, ìrora àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nílé, kí ẹ sì gba ohùn yín sílẹ̀ sórí fóònù nọ́ọ̀sì náà.

Ọwọ́ kì í tètè gbàgbé. Ẹni tó ti ń bó ẹ̀gúsí látìgbà èwe lè gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa báṣẹ́ lọ. Nítorí náà, ẹ̀gúsí bíbó, ẹ̀wà ṣíṣà, ẹ̀fọ́ jíjá, aṣọ kíká. Tó bá jẹ́ bàbá, ayò. Ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀ tó. Tí wọ́n bá da èèpo pọ̀ mọ́ ẹ̀gúsí, ẹ má bá wọn wí. Ta ló fẹ́ fi ṣọbẹ̀?

Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú ọ̀nà kan tó ti Gẹ̀ẹ́sì wá ní Lálúpọn, lẹ́bàá Ìbàdàn. Wọ́n ń kó àwọn àgbà jọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 7, ìjókòó 14, wọ́n ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, orin àti ìgbà èwe. Èrò ọkàn wọn ni wọ́n ń béèrè, wọn kì í dán wọn wò. Ibẹ̀ làwa ọmọ ti ń kùnà jù. A ó dé tán, a ó ní: “Màmá, ṣé ẹ rántí mi?” Ìdánwò nìyẹn, ojú á tì wọ́n. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dárúkọ ara yín, kí ẹ wá bi wọ́n bóyá ọbẹ̀ dùn.

Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le jù, ara wọn kì í balẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n máa tan iná kílẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n má jẹ́ kí Màmá sùn pẹ́ lọ́sàn-án. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má jiyàn pé ibí nilé. Kí wọ́n bi wọ́n ní ohun tí wọn óò sè tí wọ́n bá délé, kí wọ́n sì bá wọn rìn yí ọgbà ká.