Gàrí, Ojú àti Ààbò Ara: Ìwádìí Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú láti 1968 sí 2003

Ojú lọba ara, àwọn Yorùbá a máa wí. Nítorí náà, ìtàn oúnjẹ tí a fura sí pé ó ń ba ojú jẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìtàn gbáàgúdá àti àìsàn iṣan ìríran wò, láti fi hàn pé a kò lè ya ìbéèrè nípa májèlé oúnjẹ kúrò lára ìbéèrè nípa ohun tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀.

Gbáàgúdá kíkorò ní linamarin nínú. Bí a bá rin ín, èròjà yìí a fọ́, sáyánáìdì a sì jáde. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin fi ń dì í sínú àpò, tí wọ́n ń gbé òkúta lé e títí yóò fi ro, tí yóò sì kan, kí wọ́n tó jọ̀ ọ́, kí wọ́n sì yan án. Iṣẹ́ kan náà tí ń jẹ́ kí gàrí pẹ́ láì bàjẹ́ ni ó ń dín májèlé rẹ̀ kù. Bí ìkánjú bá gé ọjọ́ rẹ̀ kúrú, májèlé a ṣẹ́ kù sí i.

Ní 1968, Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Brain. Ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀ ń jó wọn, wọn kò lè rìn gírí, etí ń di, ojú sì ń ṣú nítorí pé iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ ń kú. Thiocyanate, ohun tí sáyánáìdì ń dà nínú ara, ga nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn amino acid tí ó ní imí ọjọ́ nínú sì kéré.

Kókó ibẹ̀ ni imí ọjọ́ yìí. Ara ń lò ó láti sọ sáyánáìdì di thiocyanate, kí ó lè bá ìtọ̀ jáde. Cysteine, ọ̀kan nínú àwọn amino acid náà, ni ara tún fi ń ṣe glutathione, antioxidant tí ń gba sẹ́ẹ̀lì ojú lọ́wọ́ ìbàjẹ́ tí ọ́síjìn ń fà. Ẹni tí ó ń jẹ gàrí lójoojúmọ́ láìsí ẹja, ẹyin tàbí ẹran ń ná owó tí kò wọlé. Epo pupa ní carotene, tí ara ń sọ di fítámì A fún ojú, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò imí ọjọ́.

Ososa, ìlú Hubert Ògúndé nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni a ti dán àlàyé yìí wò jù. Ní 2000, O. S. A. Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé nínú ènìyàn 3,428 tí wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀, 206 ní àìsàn náà, ìyẹn ìdá 6 nínú 100. Iye yìí ju ti 1969 lọ, ó sì pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ní 2003, wọ́n fi Ososa wé ìlú mìíràn tí sáyánáìdì ti ń wọ ara àwọn ènìyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò rí aláìsàn tuntun kankan níbẹ̀. Wọ́n parí èrò pé kò dájọ́ pé sáyánáìdì ni ó fa àrùn náà.

Àbájáde yìí kò sọ sáyánáìdì di aláìléwu, bẹ́ẹ̀ ni kò fún àwọn àgbà Ososa tí ojú wọn ti ṣú ní ìdáhùn. Ohun tí ó wó ni ìrọ̀rùn àlàyé olókùnfà kan ṣoṣo. Lónìí, ìlànà Codex fún gàrí kò gbà ju mílígíráàmù 2 sáyánáìdì lọ nínú kílógíráàmù kan. Fún ìdílé Yorùbá tí ń ra gàrí ní Calgary, ìlànà yìí ni ó rọ́pò ojú ìyá tí ń ṣọ́ àpò gbáàgúdá nílé. Ṣùgbọ́n ìlànà kò lè mọ ohun tí ó wà nínú ọbẹ̀ tí wọ́n fi jẹ ẹ̀bà náà.